Fláàṣì Tó Wà Létí Ìró Mi

Ọdún tí ọ̀pọ̀lọ́ bímọ sínú ìkòkò mi ni. N kò mọ iye tí àwọn tó kàwé ń pe ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni lójúlé wa ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Omi òjò wọlé bá wa lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta fà, mo fa ìkòkò ńlá tí mo fi ń se ìrẹsì Iléyá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bá àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ bí ẹni pé ilé bàbá wọn ni.

Ọjọ́ yẹn ni mo ra garawa rọ́bà kan tó ní ìdérí, mo gbé e sórí wọ́dúróòbù mi. Kò pẹ́ tí garawa náà fi di ti gbogbo ilé. Ohunkóhun tí ẹnì kan kò bá fẹ́ kí omi gbé lọ, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá: sàtífíkéètì àwọn ọmọ, àwòrán bàbá wọn, ìwé ilé. Wọ́n á ní, "Ẹ bá mi fi sí garawa, mà." Èmi nìkan ló ń gun àpótí lọ gbé e, èmi nìkan ló ń ṣí i. Ó dùn mọ́ mi. N kò ní purọ́.

Ọmọbìnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi, ọmọ ọmọ orogún mi ni. Èmi kò mọ ìwé, òun ló mọ̀ ọ́n. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan bàbá rẹ̀, àti pé kò ní dùn létí. Ó ní, "Mama àgbà, ẹ ṣáà sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má bàa máa pa á rẹ́." Ó dáa. Máa kọ ọ́ lọ.

Wáàfù, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń já ẹrù, ni ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Èmi ni ìyáálé, mo bí mẹ́rin. Nígbà tí mo bí ẹnìkẹta ni ó fẹ́ ìyàwó, ìyàwó sì bí ọkùnrin kan ṣoṣo. Èmi ń kírun, òun ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, yàrá wa kọjú síra. Ìyáálé mi ló ń pè mí, ìyàwó ni mò ń pè é. A kò jà rí tí aládùúgbò fi wá là wá. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí mo gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá rẹ̀ tí n kò ní dá ohun tí mò ń ṣe dúró kí n fetí sí i.

Àkọ́bí mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní ìhà Liverpool Road, níbi tí wọ́n ń to kọ̀ntánà sí. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sáfà. Òun ló mọ ẹni tó ni kọ̀ntánà kọ̀ọ̀kan, òun ló ń ní kí géètì ṣí. Tó bá ti kú, gbogbo tírélà á dúró, àwọn dírẹ́bà á máa fun fèrè, wọ́n á máa bú ìyá ẹni tí wọn kò mọ̀. Iṣẹ́ ọmọ mi ni láti wádìí ohun tó pa á.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ẹ̀rọ tó ti kú, ta ló máa wá sọ ohun tó pa á?"

Ó ní, "Ìyá mi, kóró kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo iṣẹ́ yòókù gbé lé. Tí kóró yẹn bá fẹ́ ṣubú, á kọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì kan. Fáìlì yẹn ni èmi máa ń ṣí, tí màá máa bi í ní ìbéèrè."

Irinṣẹ́ kan wà tó fi ń bi í. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ funfun, kò ní àwòrán kankan. Ó ti lò ó pẹ́ débi pé ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ Fátíhà. Á jókòó sí pálọ̀ lẹ́yìn tó bá jẹun tán, ìka rẹ̀ á máa lọ tàkà tàkà, tó bá yá á ní, "Mo ti mú un." Lọ́jọ́ kejì tírélà á máa wọlé, á máa jáde. Àwọn dírẹ́bà mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ èmi náà. Bí mo bá ń kọjá ní ibùdókọ̀ Coconut, wọ́n á pariwo láti orí tírélà pé, "Mama Doctor! Your pikin don make dead body talk again o!" Èmi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n màá rọra rìn kí wọ́n lè tún un wí.

Nígbà tí ọmọ ìyàwó parí ìwé tí kò ríṣẹ́, ìyá rẹ̀ wá kúnlẹ̀ nínú yàrá mi. Mo pe ọmọ mi, mo ní kó wá nǹkan ṣe. Ó mú àbúrò rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó bá a bẹ àwọn ọ̀gá, wọ́n gbà á. Èmi ni mo sọ pé kó mú un lọ. Kí ẹ rántí ìyẹn.

Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ọmọ náà fi mú irinṣẹ́ tuntun jáde. N kò mọ ibi tó ti rí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀gá pátápátá ibi iṣẹ́ wọn sọ pé kí gbogbo wọn fi ti àtijọ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa lo tuntun, àti pé ọmọ ìyàwó ni yóò kọ́ wọn.

Etí ẹ̀rọ omi ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí èmi àti ìyàwó ti ń fọṣọ.

Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ ò wá gbọ́ nǹkan! Wọ́n ní gbogbo ọ̀gá ló jókòó lánàá, tí ọmọ mi dìde dúró, tó ń kọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà jókòó níwájú, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé."

Mo ní, "Ìyẹn dára."

"Ó dára o, mà. Olúwa ló ń gbé ẹni kékeré sókè."

Mo fún aṣọ ọwọ́ mi títí kò fi sí omi lára rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ìyàwó, ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ pọ̀n yẹn ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń sáré."

Ayálégbé wa kan tó ń dúró de omi ní, "Abeg, una two mama, make una shift make I fetch my water."

Mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, n kò padà lọ sá aṣọ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Kí n tó dàgbà báyìí, tapólì ni mò ń rán ní Coconut, èyí tí àwọn tírélà fi ń bo ẹrù. Abẹ́rẹ́ mi gùn ju ìka lọ, èmi fúnra mi ni mò ń fi ìda pa okùn mi. Ọjọ́ kan ni ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ kékeré kan dé tó ń fẹ́ ooru. Á fẹ́ ooru sí etí tapólì méjì, á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Omi kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ojú abẹ́rẹ́ tèmi, tó bá pẹ́, omi ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn dírẹ́bà kò bá mi jà o. Wọ́n kàn ń kí mi, wọ́n ń kọjá lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn. Nítorí náà, mo mọ bí ohun tuntun ṣe ń ṣe é. Á kí ọ, á kọjá lára rẹ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ mi kò bínú. Ó ń jẹ ẹ̀wà níwájú mi, ó ń yin ohun tó fẹ́ lé e kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, tuntun yẹn dára o. Ti àtijọ́, ìbéèrè tí wọ́n fi bí i nìkan ló mọ̀. Tí mo bá fẹ́ wo ẹgbẹ̀rún nǹkan, ọwọ́ ni mo fi ń tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tuntun yìí, mo lè kọ ìbéèrè tèmi, kí n tọ́jú ẹ̀. Tí ẹ̀rọ mìíràn bá kú lọ́la, màá tún fi bi í."

Mo ní, "Kò sì dùn ọ́ pé àbúrò rẹ ló ń kọ́ ọ?"

Ó wò mí. "Kí ló máa dùn mí níbẹ̀?"

Níwọ̀n ìgbà tí òun kò fẹ́ jowú, èmi bá a jẹ owú náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká kan. Èmi wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mò ń ṣa ẹ̀wà. Ọwọ́ ọmọ mi ti mọ́ ti àtijọ́ lára, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìmọ̀, tuntun á sì ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ó ṣe é títí, ni ọmọ ìyàwó bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Brọ̀dá mi, ìyáálé lẹ tún ń pè yẹn! Ìyàwó ló wà níwájú yín báyìí."

Ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń lu tábìlì.

Eré ni wọ́n ń ṣe. Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí mò ń ṣa, n kò mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí òkúta mọ́.

Ọmọ mi ti fún mi ní fláàṣì kékeré kan tipẹ́, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, ó fi òwú pupa so ó, ó ní kí n bá òun fi sí garawa. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n rẹ́rìn-ín yẹn, sáfà kú lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń pa á. Ní àárọ̀ Sátidé, ọmọ ìyàwó kan ìlẹ̀kùn mi, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Brọ̀dá mi ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí n gba fláàṣì tó ní òwú pupa lọ́wọ́ yín. Tí kò bá sí i, irinṣẹ́ tuntun yìí ò lè ríran rárá."

Ìyẹn ni mo gbọ́: tuntun ò lè ríran. Nínú ọkàn mi, mo ní, háà, oúnjẹ rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi. Tí n kò bá fún un, yóò fọ́jú níwájú gbogbo ọ̀gá, wọ́n á sì padà sọ́dọ̀ ti àtijọ́, ọmọ mi á padà sí àyè rẹ̀.

Mo gun àpótí. Mo ṣí garawa. Mo rí i níbẹ̀ lórí sàtífíkéètì. Mo fi ẹ̀yìn mi dí i lójú, mo ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, mo ní, "N kò rí i o. Ó ní láti jẹ́ pé omi ọjọ́sí ló gbé e, lọ́jọ́ tí mo sọ garawa kalẹ̀."

Ó ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wò ó."

Mo fẹ́ fi Ọlọ́run búra, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo kàn ní, "Mo ní n kò rí i." Ó dúpẹ́, ó lọ. Mo so fláàṣì náà mọ́ etí ìró mi, mo fà á le.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rìn pẹ̀lú rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀, màá tú u. Tí mo bá wẹ̀ tán, màá so ó. Tí mo bá foríkanlẹ̀ lórí ẹní, á gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó ń kọjá lójú ẹnu ọ̀nà mi, ó dákẹ́, kò kọrin ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ mi bí oyin. Ọmọ yìí dá kíkọ dúró, ó ń wò mí. Kọ ọ́. Bí oyin ni mo sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ mi wọlé lọ́sàn-án gangan, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó wálé lọ́sàn-án. Ó ju ìwé kan sórí àga. Kúẹ́rì ni. Wọ́n ní kó kọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n má lé e.

Mo ní, "Kúẹ́rì kẹ̀? Irinṣẹ́ àbúrò rẹ ni kò ṣiṣẹ́, ìwọ kọ́. Ìwọ fi ti àtijọ́ bi í."

"Ìyá mi, fláàṣì yẹn náà ni ti àtijọ́ ń lò."

Mo jókòó.

Ó ní, "Ẹ̀rọ kì í pe nǹkan lórúkọ. Nọ́ńbà nìkan ló ń kà. Ìwé orúkọ ló wà nínú fláàṣì yẹn: nọ́ńbà báyìí, lágbájá ni, nọ́ńbà tọ̀hún, tàmẹ̀dò ni. Èmi fúnra mi ni mo to kóró sáfà yẹn, ìwé orúkọ rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀dà tó wà níbi iṣẹ́ ti bàjẹ́. Bí mo bá tún un tò, nọ́ńbà ò ní bára mu mọ́. Ti àtijọ́ o, tuntun o, láìsí i, afọ́jú ni méjèèjì." Ó wá rẹ́rìn-ín kan tí kò ní ayọ̀. "Máníjà ní, ta ló ní kí n máa tọ́jú ohun ilé iṣẹ́ sínú garawa ìyá mi?"

Fláàṣì ń gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó tó kí n tú etí ìró mi nígbà náà. Kí ni kí n sọ? Pé ìyá rẹ ló fẹ́ kí wọ́n lé ọ? Mo bu oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Ó padà lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó wọlé láìkan ìlẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ti wú. Mo rò pé èébú ló gbé wá, mo ti ń to èsì jọ. Ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ó ti lọ sọ fún máníjà pé lọ́wọ́ òun ni fláàṣì ti sọnù, pé òun gbà á lọ́wọ́ yín, ó já bọ́ lápò òun níbi tí òun ti sọ̀ kalẹ̀ ní Coconut. Irọ́ ni! Ẹ ṣáà mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ní, kí ló dé? Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti fẹ́yàwó, àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé, òun kò tíì ní ju ọmọ kan lọ, kí wọ́n lé òun. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló mú òun débẹ̀."

Èyí tó ń kọ̀wé yìí ni ọmọ kan ṣoṣo yẹn. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà.

Owú mi kò kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, ọmọ ìyàwó tún ti gbapò tèmi: òun ló ń gba ọmọ mi là, nígbà tí èmi tí mo bí i ń pa á. Kódà nínú ìyẹn, mo jowú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú wá.

Mo dìde. Mo tú etí ìró mi níwájú rẹ̀. Ó le, nítorí ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń fà á. Mo fi eyín tú u. Mo gbé fláàṣì náà lé e lọ́wọ́.

Ó wo òwú pupa. Ó wò mí. Mo ní kó bú mi, mo dúró gba èébú.

Ó ní, "Ẹ ti rí i nínú garawa, àbí?"

Mo ní, "Ìyàwó, kì í ṣe..."

"Mo ní ẹ ti rí i nínú garawa." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Abẹ́ àwọn ìwé ló wà. Ẹ ṣeun, mà." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Nígbà tí mo bí ọmọ tèmi, tí bàbá wọn ra àga tuntun sí yàrá mi, ta ló da omi sí i?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Mo mọ̀." Ó sì lọ pe ọmọ rẹ̀.

Ní pálọ̀ ni wọ́n ti fi fláàṣì sí kọ̀ǹpútà. Ọmọ mi kọ́kọ́ ṣí ti àtijọ́, ó bi í ní ìbéèrè bíi mélòó kan, ó ń wò ó, ó ń wò ó. Ó ní ibì kan báyìí ni wàhálà wà, òun ń gbóòórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ jù fún ọwọ́ láti wò tán. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ sọ ohun tí ẹ ń gbóòórùn rẹ̀ fún mi, màá kọ ọ́." Ó ń sọ, èyí ń kọ. Tuntun wá sáré la gbogbo rẹ̀ já kí n tó mu omi tó wà nínú ife mi tán.

Àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní, "Kí ló pa á?"

Ọmọ mi ní, "Ìyá mi, iṣẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí mú kọ́kọ́rọ́ tí ìyẹn ń fẹ́, ìyẹn mú kọ́kọ́rọ́ tí èyí ń fẹ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí gbogbo ilé fi dákú."

Ìyàwó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò wò mí, èmi náà kò wò ó.

Nígbà tí fláàṣì ti jáde, tí wọ́n sì ti mọ ohun tó ń pa sáfà, wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọmọ mi padà sí ipò rẹ̀. Ọmọ ìyàwó ni wọ́n sọ di olórí wọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọmọ mi ń lo tuntun yẹn títí di òní, ó ní òun kò rántí ti àtijọ́ dáadáa mọ́. Ní Coconut, bí mo bá ń kọjá, wọ́n ṣì ń pè mí ní Mama Doctor, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pe ìyàwó náà bẹ́ẹ̀. Tí mo bá gbọ́ ọ, ó ṣì ń ta mí.

Ọdún bíi mẹ́rin kọjá kí n tó sọ fún àwọn ọmọ mi. Ọjọ́ kejì Iléyá ni, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílé. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo ní omi kankan kò gbé fláàṣì rí, etí ìró mi ló wà fún ọjọ́ mẹ́rin, mo sì ń kírun pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní owú ni, kì í ṣe èṣù, kí wọ́n má bá mi tì í sí èṣù lọ́rùn. Mo ní tí owú bá ń jẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn, kó wá sọ ọ́ létí mi, nítorí mo mọ ojú ọ̀nà rẹ̀.

Àkọ́bí mi ní, "Garawa ńkọ́, ìyá mi? Ṣé kí a ṣì máa gbé nǹkan wá?"

Mo ní kí wọ́n lọ ra garawa kejì tó ní ìdérí, kí wọ́n gbé e sórí wọ́dúróòbù ìyàwó. Ohunkóhun tí wọ́n bá fún mi tọ́jú, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀kan sọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n tèmi ni kí ẹ máa kọ́kọ́ gbé wá."